Ọlá Balógun àti sinimá àwọn eléré wa

Àwọn eléré tíátà ti ń dúró níwájú kámẹ́rà n'Íbàdàn láti ìgbà tí tẹlifíṣàn ti dé ní 1959. Àmọ́ ti sinimá tún le ju ìyẹn lọ, Ọlá Balógun ló sì kó wọn wọ inú rẹ̀.

Abá ni wọ́n bí i sí ní 1945, ọmọ Yorùbá ni. IDHEC, ilé ẹ̀kọ́ sinimá kan ní Paris, ló ti kọ́ iṣẹ́ sinimá. Ó ti ṣe Amadi lédè Ìgbò ní 1975 kó tó ṣe Àjàní Ògún ní ọdún kejì, pẹ̀lú Dúró Ládipọ̀ àti Adé Fọláyan tí gbogbo wa mọ̀ sí Adé Love. Ìjà Òmìnira tẹ̀ lé e ní 1979. Inú ìwé Ọmọ Olókùn Ẹṣin tí Adébáyọ̀ Fálétí kọ ni wọ́n ti mú ìtàn rẹ̀.

Ibi tí iṣẹ́ yẹn ti le gan-an nígbà náà rèé. Róòlù fíìmù 16mm tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 400 kì í ju ìṣẹ́jú 11 lọ, owó ńlá sì ni. Eléré tíátà kì í há ọ̀rọ̀ sórí látinú ìwé: ó mọ ìtàn, ó mọ ibi tí orin ti ń wọlé, bí ìyókù bá ṣe bọ́ sí i lẹ́nu ló ṣe ń sọ ọ́. Adùn eré ìtàgé nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí kámẹ́rà bá ní kó tún un ṣe, ọ̀rọ̀ á yí padà, ọwọ́ tó fi di agbádá mú lẹ́ẹ̀kan á ti wà lẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n bá wá ń gé fíìmù pọ̀, àwòrán méjèèjì ò ní bára mu. Òkè òkun ni wọ́n tún ti ń fọ fíìmù aláwọ̀. Bí irun kékeré bá há sẹ́nu ihò kámẹ́rà, ìgbà tí fíìmù bá dé ọ̀hún ni wọ́n á tó mọ̀, àwọn eléré á sì ti tú ká.

Láyé ìgbà yẹn, ilé sinimá ń rí fíìmù Íńdíà àti Hong Kong gbà ní ẹ̀dínwó, wọn ò fi bẹ́ẹ̀ ráyè tiwa. Ẹni tó ni fíìmù ló ń gba gbọ̀ngàn fúnra rẹ̀, tí ń gbé projẹ́kítọ̀ àti jẹnẹrétọ̀ kiri, tí ń jókòó ti ẹnu ọ̀nà gba owó. Ẹ̀dà ò pọ̀. Èyí tí wọ́n bá ní, bó bá já, wọ́n á gé ibẹ̀ kúrò, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Àwòrán 24 ló ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà ẹ̀dà tó bá ti pẹ́ lójú ọ̀nà, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ á máa fò.

Balógun náà ló darí Aiyé fún Ògúndé, òun náà ló sì darí Ọ̀run Mooru fún Bàbá Sàlá ní 1982. Àwọn olówó fíìmù yìí làwọn èèyàn ń dárúkọ, kò sì burú, àwọn ló forí fá gbèsè. Wọ́n da Ọ̀run Mooru sórí fídíò lẹ́yìn olówó rẹ̀, téèpù ayédèrú kún ìgboro, ta ló tún máa wá san owó ní gbọ̀ngàn? Ó pẹ́ gan-an kí Bàbá Sàlá tó bọ́ nínú gbèsè yẹn.