Ẹ Gbé Wọn Dìde Kí Ẹ Tó Kọ Nọ́ńbà Sílẹ̀

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń ṣe nọ́ọ̀sì káàkiri Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, wọ́n ti ṣe àpèjẹ ìfẹ̀yìntì fún mi, mo ti jẹ ìrẹsì mi, ẹnu mi ti di tèmi wàyí. Mo ń rí yín níbi àyẹ̀wò ọ̀fẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí. Ẹ ó ní kí ìyá jókòó, ẹ ó wé aṣọ mọ́ ọn lápá, ẹ ó kọ nọ́ńbà kan, "Màmá, ẹ̀jẹ̀ yín ti ru," ó parí. Mi ò ní kọ́ yín bí a ṣe ń wọn bípì (ìfúnpá ẹ̀jẹ̀), ẹ ti mọ̀ ọ́n. Àwọn tí bípì wọn kì í dúró sójú kan ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí, àwọn tí iṣan tó ń bá ara ṣiṣẹ́ láìgba àṣẹ lọ́wọ́ wa ti bàjẹ́. Iṣan tó ń jíṣẹ́ ọpọlọ fún ọkàn àti òpó ẹ̀jẹ̀ ni mò ń wí, autonomic nerves ni àwọn dókítà ń pè wọ́n. Mo tò ó ní ẹyọ ẹyọ kó lè rọ̀ yín lọ́rùn.

Èkíní, wọ́n pọ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ìtọ̀ ṣúgà tó ti pẹ́ lára ló ń fà á jù. Àrùn Parkinson, èyí tó ń mú ọwọ́ àgbàlagbà gbọ̀n, náà ń fà á. Ti àwọn mìíràn, a kì í rí ìdí rẹ̀. Dókítà méjì, Bradbury àti Eggleston, ti kọ̀wé nípa irú wọn láti ọdún 1925, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má sọ fún yín pé àìsàn ayé òde òní ni.

Èkejì, ẹ jẹ́ kó dùbúlẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5, ẹ wọ̀n ọ́n. Ẹ ní kó dìde dúró, ẹ tún wọ̀n ọ́n ní ìṣẹ́jú 1 àti ìṣẹ́jú 3. Bí nọ́ńbà òkè bá fi 20 wálẹ̀, tàbí tí ti ìsàlẹ̀ fi 10 wálẹ̀, ẹ ti rí nǹkan. Ẹ ka lílù ọkàn mọ́ ọn. Bí èèyàn bá dìde, ẹ̀jẹ̀ tó tó ìdajì lítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ máa ń ṣàn lọ sí ẹsẹ̀ àti ikùn. Lára ẹni tó dá ṣáká, iṣan á fún òpó ẹ̀jẹ̀ pọ̀, ọkàn á yára díẹ̀, olúwarẹ̀ ò tiẹ̀ ní mọ̀. Bí bípì bá já tí ọkàn sì sáré gan-an, ẹ wò ó bóyá omi tàbí ẹ̀jẹ̀ ló dín lára rẹ̀. Bí bípì bá já tí ọkàn ò sì yí ìlù padà, iṣan ni kí ẹ fura sí. Bí bípì ò bá já rárá, àmọ́ tí ọkàn fi ìlù 30 ní ìṣẹ́jú kan sáré sí i láàárín ìṣẹ́jú 10 tó dìde (40 fún ọmọ ọdún 12 sí 19), ìyẹn tún jẹ́ ọ̀tọ̀. POTS ni wọ́n ń pè é. Ọ̀dọ́bìnrin ló pọ̀ jù nínú wọn, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n máa gbé wọn kiri ilé àdúrà pé emèrè ni wọ́n.

Ẹ̀kẹta, bípì gíga àti bípì kékeré lè jọ máa gbé inú ara kan náà. Ibí yìí ni mo ń bọ̀ láti ọjọ́ yìí, ẹ jẹ́ ká fi ẹyọ ẹyọ sílẹ̀ ná.

Bàbá kan wà tó ń la pákó ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ìtọ̀ ṣúgà ti bá a fínra fún ọ̀pọ̀ ọdún, egbò ẹsẹ̀ ló gbé e wá sí wọ́ọ̀dù wa. Ọkùnrin gìrìwò, tó ń sọ̀rọ̀ lókè lókè lórí bẹ́ẹ̀dì bí ẹni pé ẹ̀rọ ìlagi ṣì ń ké lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá wọ̀n ọ́n ní ìdùbúlẹ̀, 170, 180, kì í wálẹ̀. Wọ́n fún un ní oògùn kan, wọ́n fi èkejì kún un, wọ́n tún fi èyí tó ń mú èèyàn tọ̀ lé e. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ní, "Sísítà, tí mo bá ti dìde báyìí, ọrùn àti èjìká mi á máa ro mí bí ẹni ru ìrókò. Tí mo bá dùbúlẹ̀, ó lọ." Gbogbo wọ́ọ̀dù ti gbà pé pákó tó ti ń rù láti kékeré ló ń jà á. Èmi ò gbà. Ọrùn àti èjìká tó ń roni ní ìdúró, tó sì ń fúyẹ́ ní ìdùbúlẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ni kò dé ibẹ̀ tó. Mo wọ̀n ọ́n ní ìdùbúlẹ̀: 172/98, ọkàn ń lù ní 74. Mo gbé e dìde, ó gbá irin bẹ́ẹ̀dì mú, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ní òun ò rí ojú mi dáadáa mọ́: 92/56, ọkàn 76. Mo fi báìrò pupa kọ gbogbo rẹ̀ sí ṣáàtì, mo fa ìlà sí i nídìí.

Dókítà àgbà dé pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, ó wo báìrò pupa mi, ó ní, "Ta ló rán nọ́ọ̀sì pé kó gbé aláìsàn dìde?" Àwọn ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín. Mo ní, "Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ti ìdúró." Ó ní 180 ló ń pa èèyàn, kì í ṣe 92. Wọ́n fi kún oògùn. Nígbà tí egbò san, wọ́n ní kí bàbá máa lọ sílé.

Òótọ́ ni pé 180 ń ba ọkàn àti kíndìnrín jẹ́, àmọ́ ó ń gba ọdún. Ìṣubú ò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Tí irú wọn bá na gbalaja lóru, bípì tó ga yẹn á mú kí kíndìnrín máa da omi àti iyọ̀ nù. Wọ́n á tọ̀, wọ́n á tún tọ̀. Ẹ wá fi oògùn ìtọ̀ lé e. Tí ilẹ̀ bá fi máa mọ́, omi ara ti lọ, ìdájí ló sì ń burú jù fún wọn. Ìdájí náà ni bàbá dìde láti lọ tọ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ṣubú sí, egungun ìbàdí kán. Wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń to eegun, kò sì fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ mọ́ títí ó fi kú. Ìyàwó rẹ̀ sọ fún mi pé wọ́n ní ẹnìkan tí wọ́n jọ ń la pákó ló fi nǹkan sí i lọ́nà. Ìdílé méjì ò kí ara wọn mọ́ títí dòní, nítorí nọ́ńbà tí ẹnìkan kò fẹ́ kà.

Dókítà àgbà náà wá síbi àpèjẹ ìfẹ̀yìntì mi. Ó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó ní nọ́ọ̀sì tí kì í jiyàn ni mí. Mo rẹ́rìn-ín. Aṣọ mi dára lọ́jọ́ yẹn, mi ò fẹ́ bà á jẹ́.

Kí là bá ti ṣe? Ọmọ onípákó ni wọ́n! Pákó là bá ní kí wọ́n fi gbé ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì sókè níhà orí, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 15 sí 23, kí ara má bàa tẹ́ pẹrẹsẹ lóru. Ìrọ̀rí mẹ́ta ò lè ṣe é, ọrùn nìkan ni ìrọ̀rí ń gbé. À bá ní kí wọ́n gbé póò sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. À bá ní kó mu odindi píọ̀ wọ́tà kan ní kíákíá kó tó dìde láàárọ̀, torí omi tó tó ìdajì lítà máa ń gbé bípì irú wọn sókè fún ìgbà díẹ̀. (Ẹni tí ọkàn tàbí kíndìnrín rẹ̀ ò dára, ẹ bi dókítà kọ́kọ́.) Àwọn tí wọ́n bá fún ní midodrine, oògùn tó ń gbé bípì sókè, kí wọ́n má lò ó tó bá ti ku wákàtí 4 kí wọ́n sùn.

Ẹ sọ ti oúnjẹ fún wọn. Àwo ìkọ́kọrẹ́ ràgàjì tàbí òkìtì ẹ̀bà, ikùn ni ọ̀pọ̀ ẹ̀jẹ̀ ń lọ lẹ́yìn rẹ̀. Láàárín wákàtí 2 sí ìgbà náà ni òòyì máa ń kọ́ wọn. Díẹ̀ díẹ̀ ni kí wọ́n máa jẹ ẹ́. Kí wọ́n jókòó wẹ̀, kí omi má gbóná jù. Kí wọ́n jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì kí wọ́n mi ẹsẹ̀ kí wọ́n tó dúró, bí ojú bá sì ń ṣú, kí wọ́n fi ẹsẹ̀ kọ́ra kí wọ́n fún itan pọ̀, tàbí kí wọ́n lóṣòó.

Ilẹ̀ wa yìí tún le fún wọn ju ibòmíràn lọ. Ẹ wo Ojúde Ọba, ọdún tí a fi ń júbà Awùjalẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde, ọjọ́ kẹta Iléyá. Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́jọ́ orí kan náà, á dúró sínú oòrùn nínú agbádá òfì, ooru á ti ṣí òpó ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, oúnjẹ wà níkùn, wọ́n á wá dọ̀bálẹ̀, wọ́n á sì fò dìde. Kí ẹgbẹ́ wá àga fún irú wọn, ọba ò ní bínú. Mùsùlùmí tó ń ṣàìsàn lè jókòó kírun, ẹ rán wọn létí.

Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé fáìlì, kì í tẹ̀lé aláìsàn láti ilé ìwòsàn kan dé òmíràn. Ẹ kọ bípì ìdùbúlẹ̀ àti ti ìdúró sórí ìwé kékeré fún ìyàwó tàbí ọmọ rẹ̀, kí wọ́n máa mú un kiri. Ẹ kọ gbogbo oògùn tó ń lò sí i, pàápàá èyí tí wọ́n ń tà fún àwọn bàbá nítorí pírósítéètì, torí irú rẹ̀ máa ń já bípì wálẹ̀ ní ìdúró. Oògùn agbára ọkùnrin náà ń já a wálẹ̀. Ìyẹn, wọn ò ní sọ ọ́ lójú ìyàwó. Ẹ ní kí ìyá lọ ra omi wá, kí ẹ tó bi bàbá.