Ẹ Má Tíì Kó Ṣòkòtò Wọn Dà Nù: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Nípa Ìrántí Ẹni Tó La Rọpárọsẹ̀ Já

Kí ẹ tó pín aṣọ olóògbé fún ẹnikẹ́ni, ẹ mú ṣòkòtò kan nínú rẹ̀ lọ síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Bí àrùn rọpárọsẹ̀ bá mú ẹni tó ni ín ní kékeré, tí iṣan iwájú itan ò sì lágbára mọ́, ó ṣeé ṣe kí ẹ rí ojú ibì kan lókè orúnkún tó ti fẹ́lẹ́, tó sì ń dán. Ọwọ́ ló ṣe é. Gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ yẹn bá fẹ́ gbé ara dúró, ọwọ́ ní láti ti itan sẹ́yìn kí orúnkún má bàa yẹ̀ lójijì. Ẹ ya fọ́tò ibẹ̀, kí ẹ sì fi ṣòkòtò náà pamọ́. Ó sọ ju àwòrán ńlá tí wọ́n ń gbé kọ́ ògiri lọ, lójú tèmi.

Ẹ má ya bàtà nípá. Ẹsẹ̀ tí àrùn náà bá rọ ní kékeré kì í sábà dàgbà tó ìkejì rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ wọn fi ń ra bàtà méjì kí wọ́n tó rí ẹyọ kan wọ̀: ọ̀tún láti inú ti àkọ́kọ́, òsì láti inú ti ìkejì. Bí wọ́n bá fi nǹkan gbé àtẹ̀lẹ̀ ọ̀kan ga, ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n, kí ẹ sì kọ iye sẹ̀ǹtímítà rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ yí i dé, kí ẹ wo imú rẹ̀ nísàlẹ̀. Ẹsẹ̀ tí kò lè gbé ọmọ ìka sókè máa ń wọ́ imú bàtà nílẹ̀, ibẹ̀ ló sì máa ń kọ́kọ́ jẹ.

Irin ẹsẹ̀, èyí tí wọ́n ń dè mọ́ ẹsẹ̀ kó lè gbé ara dúró, ló ṣòro tọ́jú jù, nítorí irin àti awọ ló para pọ̀ nínú rẹ̀, ohun tó sì ń ba ọ̀kan jẹ́ yàtọ̀ sí ti èkejì. Ẹ má fi omi fọ̀ ọ́. Ẹ má fi òróró pa awọ rẹ̀, torí òróró ń fa eruku mọ́ra, ó sì ń sọ awọ di dúdú. Ẹ má sì dì í sínú ọ̀rá: ọ̀rinrin á há síbẹ̀, awọ á bu, irin á dípẹtà. Aṣọ gbígbẹ ni kí ẹ fi nù ún, kí ẹ wá fi aṣọ òwú funfun tí wọ́n ti fọ̀ dáadáa wé e, kí ẹ gbé e sínú páálí tí atẹ́gùn ń wọ̀. Bí ẹ bá rí nǹkan aláwọ̀ ewé níbi tí ìṣó bàbà ti kan awọ, ẹ rọra fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ yọ ọ́. Ẹ má fi ọ̀bẹ ha á. Bí nọ́ńbà tàbí orúkọ bá wà lára irin náà, ẹ dà á kọ, ó lè jẹ́ òun nìkan ló máa tọ́ka sí ibi tí wọ́n ti ṣe é.

Ọ̀rọ̀ àìsàn gan-an ni ẹbí ti máa ń ṣì í sọ jù. Ọdún tó ṣẹlẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Ní 1955 ni abẹ́rẹ́ àjẹsára tí Jonas Salk ṣe gba àṣẹ. Èyí tí wọ́n ń kán sẹ́nu, ti Albert Sabin, dé ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Bí àìsàn náà bá ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú 1955, kò sí àjẹsára kankan tí òbí ì bá gbà fún ọmọ, kí ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni di ẹ̀bi lé ìyá lórí. Àwọn ẹbí kan tún máa ń béèrè pé kí ló dé tó fi jẹ́ òun nìkan nínú ọmọ mẹ́fà. Nínú nǹkan bí igba ènìyàn (200) tí kòkòrò náà bá wọ ara wọn, ẹnì kan ni apá tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń rọ. Ó ṣeé ṣe kí àwọn yòókù ti ní i, kí wọ́n má mọ̀.

«Abẹ́rẹ́ ló rọ ẹsẹ̀ ẹ̀,» ni àwọn ẹbí kan máa ń wí. Ẹ má gbà á kíákíá, ẹ má sì fi ṣẹ̀fẹ̀. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún sí ibi tí kò yẹ ní ìdí lè ba iṣan ìmọ̀lára ńlá (nerve) tó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ẹsẹ̀ jẹ́. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún nígbà tí kòkòrò rọpárọsẹ̀ ti wà lára náà lè mú kí àrùn ọ̀hún rọ ẹsẹ̀ tí wọ́n gún. Ẹ béèrè bóyá ẹsẹ̀ náà ń mọ ìrora tí wọ́n bá já a léèékánná. Rọpárọsẹ̀ kì í pa ìmọ̀lára; ìṣíkiri ló ń pa. Ẹsẹ̀ tó kú tipiri, tí kò mọ gbígbóná, ọ̀nà ibòmíràn ni kí ẹ wá ìdí rẹ̀ lọ.

Ibi tó máa ń dùn mí jù ni ìgbẹ̀yìn. Àgbà tó ti ń rìn láti ìgbà èwe á ṣàdédé máa jókòó ṣáá, á máa sùn lọ́sàn-án, òtútù á máa mú un, ilé á wá ní ó ti ń ya ọ̀lẹ. Kì í ṣe ọ̀lẹ; àìlera tí rọpárọsẹ̀ ń fà nígbẹ̀yìn ni, ọdún 15 sí 40 lẹ́yìn àrùn ló sì máa ń dé. Nígbà tí àrùn náà pa lára àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé àṣẹ láti ọ̀pá ẹ̀yìn lọ sínú iṣan, àwọn tó ṣẹ́kù yọ ẹ̀ka, wọ́n ń ṣe iṣẹ́ tiwọn, wọ́n ń ṣe tàwọn tó kú. Wọ́n gbé ẹrù náà fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó rẹ̀ wọ́n. Bí irú ìtàn ọ̀lẹ yẹn bá wà nínú ohun tí ẹbí ń sọ, ẹ tún un kọ.

Ẹ béèrè fáìlì ilé ìwòsàn ní kíá, nítorí wọn kì í tọ́jú rẹ̀ títí láé. Ẹ mú ìwé ẹ̀rí ikú àti ohun tó fi hàn pé ẹ jẹ́ mọ̀lẹ́bí dání, kí ẹ sì dárúkọ ìwé iṣẹ́ abẹ àti ìwé tí wọ́n fi dá aláìsàn sílẹ̀ lọ sílé ní pàtó. «Gbogbo fáìlì» lásán máa ń bí ìdáhùn «kò sí».

Ní ti fọ́tò, ẹ má fi báírò kọ ẹ̀yìn rẹ̀. Pẹ́ńsùlù rírọ̀ ni, létí, láìtẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ má fi téèpù lẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ dà á sínú kọ̀ǹpútà, 600 dpi (iye àmì tí ẹ̀rọ ń kà nínú ínǹṣì kan) ò kéré jù. Kásẹ́ẹ̀tì ohùn wọn ńkọ́? Ẹ ṣẹ́ etí kékeré méjèèjì tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kí ẹ tó fi sínú ẹ̀rọ, kí ẹnikẹ́ni má bàa ṣèèṣì gba nǹkan mìíràn lé e.

Bí wọ́n bá ṣì wà láàyè, ẹ béèrè àyè lọ́wọ́ wọn, kí ẹ ya fídíò ìṣẹ́jú kan péré níbi tí wọ́n ti ń gun àtẹ̀gùn: ẹsẹ̀ líle ló ń kọ́kọ́ gòkè, ẹsẹ̀ àìlera ló ń kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀. Kí ẹ tún gbé fóònù sún mọ́ orúnkún nígbà tí wọ́n bá ń dìde lórí àga. Bí wọ́n bá wọ irin ẹsẹ̀, òrùka irin tó ń ti orúnkún rẹ̀ pa á jábọ́ sí àyè rẹ̀, á dún kà! Ìró yẹn ni àwọn ọmọ ilé fi ń mọ̀ pé wọ́n ti ń bọ̀, kò sì sí nínú fọ́tò kankan.