Ẹ bá mi gbé Ọlọ́run ga, ẹsẹ̀ mi ti padà

Ẹ yin Olúwa! Ẹ̀yin tí a jọ ń já símẹ́ǹtì l'Ódógunyàn, ẹ̀yin ará Ìkòródú, ẹni tí kò lè bẹ̀rẹ̀ wọ ṣòkòtò fúnra rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló ń kọ̀wé sí yín yìí.

Àpò símẹ́ǹtì kan, kílò 50 ni, ẹni tó bá sì ń já tírélà mọ̀ pé kì í ṣe ẹyọ kan là ń gbé. Mo yí ìbàdí láti gba àpò lọ́wọ́ ẹni tó wà lókè ọkọ̀, ẹ̀yìn mi dún kẹ́ẹ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́, iná ti ń jó mi láti ìdí dé ọmọ ìka ẹsẹ̀ òsì. Bí mo bá sín, omi á bọ́ lójú mi.

Gbogbo ilé ní jẹ̀dí ni. Àgbo dé lóríṣiríṣi. (Mi ò bú àgbo o, òun ni wọ́n fi wò mí dàgbà.) Àbúrò ìyá mi ló fà mí lọ sí Igbóbì, ilé ìwòsàn eegun. Àwòrán fi hàn pé tìmùtìmù tó wà láàárín eegun ìbàdí kẹrin àti ìkarùn-ún ti wú síta, ó ń tẹ iṣan tó lọ sẹ́sẹ̀.

Àǹtí físíò, ẹni tó ń fi eré ìdárayá wo ara níbẹ̀, bi mí, lójú ìyàwó mi: ṣé ìtọ̀ ń jáde dáadáa? Ṣé mo ń mọ̀ bí ìgbẹ́ bá ń bọ̀? Ṣé abẹ́ mi ò kú tipiri? Ojú tì mí. Ó ní bí ọ̀kan nínú wọn bá ṣẹlẹ̀, kí n má dúró kí ilẹ̀ tó mọ́, ilé ìwòsàn ló yá, nítorí irú rẹ̀ ni wọ́n ń sáré ṣe iṣẹ́ abẹ fún. Tèmi ò dé bẹ̀. Baba, ẹ ṣé!

Ó ní kí n dojú bolẹ̀, kí n fi ìgúnpá ti àyà sókè díẹ̀díẹ̀. Ìrora kúrò lẹ́sẹ̀, ó gòkè sí itan, ó kóra jọ sí ìbàdí, ìbàdí wá ń ro mí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo ní wọ́n ti bà mí jẹ́. Ó rẹ́rìn-ín: "Dádì, ohun tí mò ń wá gan-an nìyẹn. Tó bá ti ń fi ẹsẹ̀ sílẹ̀ bọ̀ wá sẹ́yìn, ó ń lọ nìyẹn." Ó tún ní kí n má dùbúlẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́, kí n máa rìn. Mo rin àdúgbò wa títí àwọn ajá fi mọ̀ mí.

Ọ̀gá mi ò lé mi, Ọlọ́run á bá mi san án fún wọn. Báírò ni wọ́n fi sí mi lọ́wọ́ kí n máa ka àpò lẹ́nu géètì. Mo ti wá ń gbé báyìí, àmọ́ kì í ṣe lórí mọ́: àpò á lẹ̀ mọ́ ikùn mi, orúnkún ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀, ẹsẹ̀ ni mo fi ń yí. Èmi àti ẹnì kan la jọ ń gbé e sínú bárò. Àwọn ọmọkùnrin ibẹ̀ kọ́kọ́ ń pè mí ní ìyàwó tuntun. Ẹ wá wò wọ́n báyìí, àwọn náà ti ń jà du bárò.

Ìdúpẹ́ ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Ìrẹsì àti mọ́ínmọ́ín wà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá tètè dé, ẹ bá mi fi àga onígi kan sílẹ̀, nítorí sófà ò tíì bá ẹ̀yìn mi rẹ́.