Oko bàbá mi ni sòbìà pa

Ẹni tó bá dàgbà ní Ìbàràpá láyé ìgbà tiwa kò nílò kí ọ̀mọ̀wé kankan ṣàlàyé fún un bí àìsàn ṣe ń sọ ilé di ilé òṣì. Sòbìà ti kọ́ wa.

Omi odò àti adágún là ń mu. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú tí omi fà, kòkòrò tíntìntín á pọ̀ nínú rẹ̀, inú wọn sì ni ọmọ sòbìà máa ń wà. O lè mu ún lónìí kó tó nǹkan bí ọdún kan kí ẹsẹ̀ rẹ tó wú, kó máa ta ọ́ bí iná, kí aràn funfun tó lè gùn tó mítà kan wá yọrí. Kò sí oògùn tó ń wò ó, títí dòní. Bàbá mi lo ewé olúgànbe bí àwọn àgbà ṣe wí. Aràn kò tìtorí ẹ̀ yá jáde. Ńṣe ni wọ́n ń ká a mọ́ igi díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, torí bó bá já sínú, egbò á kẹ̀. Ẹni tára ń ta á sì ki ẹsẹ̀ bọ odò kó lè rọ̀ ọ́, aràn á tú ọmọ sínú omi tí gbogbo abúlé ń pọn.

Ìgbà tó yẹ kí bàbá ṣán oko kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé ló mú un lẹ́sẹ̀ méjèèjì. Òjò dé, kò sí ebè kankan nílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi fi ilé ìwé sílẹ̀, ó gba ọkọ́. Ìyá mi ta pákí tí kò tíì gbó fún alájàpá, iye tó bá fẹ́ ló san. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, gbèsè la kọ́kọ́ ń san ká tó ra èso ẹ̀gúsí tí a ó gbìn.

Ìdí nìyẹn tí inú fi ń bí mi tí mo bá gbọ́ tí àwọn ará ìlú ńlá ń pe ará oko ní ọ̀lẹ. Ní 1987, ìwádìí kan tí UNICEF, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọdé, lọ́wọ́ sí rí i pé àwọn onírẹsì ní apá kan gúúsù-ìlà-oòrùn Nàìjíríà ń pàdánù nǹkan bíi mílíọ̀nù 20 dọ́là lọ́dún nítorí sòbìà. Kì í ṣe owó ilé ìwòsàn o! Iṣẹ́ tí wọn ò lè dìde ṣe ni. Nígbà tí ìjọba sì wá a kiri láti abúlé dé abúlé ní ìparí àwọn ọdún 1980, àwọn tó ní in lé ní 650,000.

Aṣọ tí a fi ń sẹ́ omi ló lé e lọ, pẹ̀lú kànga, oògùn tó ń pa kòkòrò inú omi tí wọ́n ń dà sínú adágún, àti àwọn ọmọ abúlé tó ń tọ aláìsàn lọ sílé. Jimmy Carter, tó ti ṣe ààrẹ Amẹ́ríkà rí, náwó, ó nára sí i. Ọ̀gágun Gowon náà ń ti abúlé dé abúlé. Ẹni tó ní in kẹ́yìn ní Nàìjíríà, 2008 ni. Ní 2013, WHO, àjọ ìlera àgbáyé, fọwọ́ sí i pé a ti bọ́.

Ẹ̀rọ omi tí wọ́n gbẹ́ fún wa nígbà yẹn ti bàjẹ́ báyìí. Wọ́n ní kí a dáwó ra pọ́ǹpù, mo ti san tèmi. Ṣùgbọ́n owó omi tí kánsù ń kọ sínú ìwé ìṣúná lọ́dọọdún, ta ló ń ná an?