Kòkòrò tí kì í kùn

Oṣù Kẹjọ, orí ń fọ́ mi, ọrùn mi gan bí igi. Mo ní ibà ni. Kí lọmọ Ìbàdàn tún mọ̀? Ní ilé ìwòsàn níbí, ní Tuscany lórílẹ̀-èdè Ítálì, wọ́n fa omi nínú ọ̀pá ẹ̀yìn mi. Toscana virus! Fáírọ́ọ̀sì tí kòkòrò kékeré kan, sandfly, ń kó ranni tó bá jẹni ni. Ọdún 1971 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i, lára irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ ní Monte Argentario, ní Tuscany níbí. Pappataci làwọn ará Ítálì ń pe kòkòrò ọ̀hún: "jẹun, kí o dákẹ́." Kì í kùn bí ẹ̀fọn, ihò nẹ́ẹ̀tì sì gbà á dáadáa. Àìsàn náà kò ní oògùn tirẹ̀. Ìsinmi ni, àti oògùn ìrora. Ọjọ́ kẹsàn-án ni mo tó dìde. Màámi lórí fóònù: "Ó dá ẹ lójú pé kì í ṣe ọwọ́ ayé?"