Afárá tá a fi ṣásì tírélà ṣe lóko wa

Oko tí èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi jọ yá lẹ́yìn Gwagwalada, odò kékeré kan ló gba àárín ẹ̀ kọjá. Ẹ̀gẹ́ wà lódìkejì, ọ̀nà ọkọ̀ wà níhìn-ín. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, èèyàn á kàn rìn kọjá ni, sílípáàsì ò ní tutù, àmọ́ tó bá ti di oṣù kẹjọ sí ìkẹsàn-án, òjò á rọ̀ sórí àpáta lókè lọ́hùn-ún, kò ní pẹ́ tí odò á fi kún dé bèbè, nígbà tó bá fi máa dalẹ́ á ti fà bí ẹni pé òun kọ́. Inú Usuma ló ń lọ, Usuma ń lọ bá Gurara, Gurara ń lọ bá Odò Ọya.

Àwọn tó lo ilẹ̀ yẹn ṣáájú wa tẹ́ pákó lé e, omi gbé e lọ. Ìyá Ìbejì, ọ̀kan lára wa, ní ká ra pákó tó nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àbúrò wa kan, wẹ́dà ni, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ló wo ibẹ̀ dáadáa, ó ní, "Àǹtí mi, pákó ò ṣẹ̀ yín o, bèbè yẹn ló dà yín." Lóòótọ́ sì ni, omi ò ti ẹ̀ gba orí pákó kọjá, ẹ̀gbẹ́ ló gbà, ó jẹ yẹ̀pẹ̀ abẹ́ ẹ̀ tán. Torí náà tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe irú ẹ̀, ẹ kó owó yín sí bèbè, ohun tẹ́ ẹ máa fẹsẹ̀ tẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ le.

Ká tó gbẹ́lẹ̀, a wo igi etí odò, koríko àti ìdọ̀tí tí omi gbé há sára ẹ̀ka wọn, ibẹ̀ lomi ga dé nìyẹn, a so okùn mọ́ ọn, a ní abẹ́ afárá gbọ́dọ̀ ga jù ú lọ. A wá gbẹ́lẹ̀ lọ́tùn-ún lósì títí tó fi kan ilẹ̀ líle. Àpò ìrẹsì tó ti ṣófo la lò, a po ṣáápù sáǹdì, gráńẹ́ẹ̀tì àti sìmẹ́ńtì ní gbígbẹ, a rọ ọ́ sínú àpò, a dì í lẹ́nu, a tò ó bí wọ́n ṣe ń to búlọ́ọ̀kù, a fi rọ́ọ̀dù gún un látòkè dé ìsàlẹ̀ kí wọ́n lè di ara wọn mú, ìgbà yẹn la tó bu omi odò lé e. Àpò á jẹrà tó bá yá, ohun tó wà nínú ẹ̀ á ti di òkúta. Lápá ibi tí omi ti ń bọ̀, a na ìlà àpò wọnú bèbè kó má baà rí ẹ̀gbẹ́ gbà. Inú ọyẹ́ la ṣe é, sìmẹ́ńtì ò sì fẹ́ ọyẹ́ rárá, ẹ máa wọ́n omi sí i fún ọjọ́ 7 ó kéré tán, kó tó pé ọjọ́ 28 ẹ má gbé ẹrù gidi lé e.

Irin tó gbé afárá, ṣásì tírélà ni, Pantaker, ọjà àlòkù irin ní Dei-Dei l'Ábújá, la ti rà á. Ẹsẹ̀ bàtà 24 ni, odò fẹ̀ tó 16, ó fi 4 jókòó sórí bèbè kọ̀ọ̀kan. Bá a ṣe máa gbé e kọjá nìjà ti bẹ̀rẹ̀, gbogbo ọkùnrin ibẹ̀ ló di ẹnjiníà lójijì. Àwọn Gbagyi tó wà lábúlé ló yá wa ní igi agbọn olódù méjì tó gùn, a tẹ́ ẹ sórí odò, a fi gíríìsì pa á, a so okùn mọ́ ṣásì, a yí i mọ́ ìdí igi lódìkejì, àwọn kan ń fà, àwọn kan ń dì í mú lẹ́yìn kó má sáré jù. Ọ̀rẹ́ wa tó jẹ́ akáńtì ò fọwọ́ kan nǹkan kan, ẹnu ló fi ṣiṣẹ́. Mo sì fẹ́ẹ́ sọ ọ́, ẹni tó bá fẹ́ káwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ fi ọ̀wàm̀bẹ̀ Sátidé l'Ábújá sílẹ̀ wá bá a fa irin, kó yáa gbé àmàlà sínú kúlà, kí ẹran inú ẹ̀ sì pọ̀.

Pákó apá la tẹ́ lé e, 2 by 12, a fi àlàfo díẹ̀ sáàárín wọn kí omi òjò lè máa rọ́nà jò, bóòtù la sì lò torí ìṣó máa ń yọ tí ọ̀kadà bá ń gùn ún. Akáńtì ní ká fi ọ́ìlì jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n ti lò kùn ún nítorí ikán. Mo ní rárá, àwọn obìnrin ń pọnmi nísàlẹ̀ odò, igi apá náà kì í sì í ṣe ohun tí ikán ń rí jẹ bọ̀rọ̀.

Ìyá Gbagyi kan tó dúró ń wò wá ló tún rí ohun tá a ò rí. Èjìká ni wọ́n fi ń ru ẹrù, wọn kì í gbé e lérí, ó wá fi Hausa bi wá pé tá a bá fi irin tí èèyàn á máa dì mú sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ibo ni ìdì igi òun máa gbà? A fi sí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo.

Ọkọ̀ ò gbọdọ̀ gùn ún o, a ti ri irin méjì mọ́ ẹnu ẹ̀. A tún fi ṣéènì so ṣásì mọ́ igi ńlá kan lápá òkè, pé tí omi bá pàpà gbé e, ká ṣáà rí i fà padà. Ẹ̀gẹ́ tá a hú kẹ́yìn, bárò la fi kó o wá, Ìyá Ìbejì ti ní gàrí ni ká fi ṣe, ìjà tó kù báyìí ò ju pé ta ló máa sanwó àwọn tó ń bó o.