Àyẹ̀wò ọdún: láti àdírẹ́sì dé orí àga ìpàdé AA ní Lọ́ńdọ̀nù

Ọdún ti fẹ́ parí, àsìkò ìṣirò dé. Àwa tí à ń bá àwọn ọmọ Yorùbá Lọ́ńdọ̀nù wá ìpàdé Alcoholics Anonymous, AA tí gbogbo ayé mọ̀, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ran ara wọn lọ́wọ́ láti jáwọ́ nínú ọtí, a tún rí i lọ́dún yìí pé àdírẹ́sì kọ́ ni ìṣòro. Ìpàdé pọ̀ nílùú yìí, láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti rí àdírẹ́sì, kí wọ́n tó jókòó sórí àga, ibẹ̀ ni èèyàn ti ń yọ́ pòórá.

Ẹni tó ń bi ara rẹ̀ pé "ṣé tèmi tiẹ̀ le tó bẹ́ẹ̀?", kó ṣírò. Ìgò stout sẹ̀ǹtílítà 60 tí agbára rẹ̀ jẹ́ 7.5% jẹ́ yúníìtì 4.5 (yúníìtì ni wọ́n fi ń wọn ọtí ní Britain). Ìmọ̀ràn ìjọba Britain ni pé kéèyàn má máa kọjá yúníìtì 14 lọ́sẹ̀. Ìgò mẹ́rin lóde òkú àgbà kan lọ́jọ́ Sátidé ti di 18. AA ò tiẹ̀ ka ìgò fún ẹnikẹ́ni o. Kó ṣáà wu èèyàn láti jáwọ́, ó tó.

Ẹ tẹ postcode yín sí alcoholics-anonymous.org.uk, yóò kó ìpàdé tó wà nítòsí jáde pẹ̀lú ọjọ́ àti àkókò. Ẹ sì lè pe 0800 9177 650. Ọ̀fẹ́ ni, àwọn tí ọtí ti yọ lẹ́nu rí tí wọ́n sì ti jáwọ́ ló ń gbé e. Ẹ wò ó dáadáa bóyá wọ́n kọ "open" sí ìpàdé náà. Ìyàwó, ọ̀rẹ́ tàbí àbúrò lè sin yín wọ èyí tó jẹ́ open; àwọn yòókù, ẹni tó fẹ́ jáwọ́ nìkan ló wà fún. Bí àǹtí bá sin àbúrò rẹ̀ lọ sí èyí tí kì í ṣe open, àwọn méjèèjì ló sábà máa ń jọ padà sílé.

Oṣù Kejìlá tún ní tirẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì ló ni ọ̀pọ̀ gbọ̀ngàn tí wọ́n ń lò, ó sì lè gbà á padà fún carol. Ìpàdé mìíràn máa ń wáyé lọ́jọ́ Kérésì gan-an, òmíràn á sinmi. Ẹ pe nọ́ńbà yẹn láàárọ̀ ọjọ́ tí ẹ fẹ́ lọ. Ẹni tó bá ilẹ̀kùn ní títì nígbà àkọ́kọ́ kì í sábà padà.

Ẹnu ọ̀nà ńlá ṣọ́ọ̀ṣì kọ́ ni ẹ máa gbà lọ́pọ̀ ìgbà, ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ ni, tàbí àtẹ̀gùn tó lọ sí ìsàlẹ̀. Ẹ wá bébà kékeré tí wọ́n kọ AA sí. Ẹ débẹ̀ ní ìṣẹ́jú 15 ṣáájú, tíì á ti wà nílẹ̀. Orúkọ kan tó, kò sí pé ọmọ ta ni yín. "Mo kàn wá gbọ́ ni" kì í bí ẹnikẹ́ni nínú. Wọ́n á gbé àpò owó kiri, àlejò ò ní láti fi nǹkan kan sí i. Ìpàdé máa ń tó wákàtí kan sí wákàtí kan ààbọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sáré jáde bí wọ́n bá ti ṣe tán, ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n máa ń fúnni ní nọ́ńbà fóònù. Kí obìnrin gba ti obìnrin, kí ọkùnrin gba ti ọkùnrin.

Ẹ̀rù pé ará ṣọ́ọ̀ṣì wa á rí mi? Ẹ lọ sí àdúgbò mìíràn. Mùsùlùmí náà ń lọ: inú ilé ṣọ́ọ̀ṣì ni, ìsìn kọ́. Ẹ gbìyànjú ìpàdé bíi mẹ́fà, ní ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ tó sọ pé kò bá yín lára mu.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù rèé. Ní àìsùn ọdún tuntun, ọ̀pọ̀ á jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé ọtí tán. A ò bá ẹ̀jẹ́ jà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n láàárọ̀ títí tó fi máa mu ti àkọ́kọ́, ara rẹ̀ ti gbára lé ọtí, kò gbọ́dọ̀ já a lójijì. Gbígbọ̀n, òógùn àti èébì lè bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí 6 sí 24. Gìrì lè gbé e kí wákàtí 48 tó pé. Láàárín ọjọ́ kejì sí ìkẹrin, ó lè máa rí ohun tí kò sí, kó máa bá ògiri sọ̀rọ̀. Wọ́n á ní ẹ̀mí àìmọ́ ni. Ara tó ń wá ọtí tì ni, ó sì lè pa èèyàn. Ìpàdé ò lè wo èyí. Kó kọ́kọ́ rí GP, ìyẹn dókítà àdúgbò rẹ̀, tàbí kó lọ fúnra rẹ̀ sí ibi ìtọ́jú ọ̀rọ̀ ọtí ní àdúgbò rẹ̀. Wọ́n á fún un ní oògùn tí wọ́n á máa dín kù díẹ̀díẹ̀, àti fítámì B1. Bí gìrì bá gbé e tàbí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá dàrú, ẹ pe 999, nọ́ńbà pàjáwìrì. Kó ṣì máa lọ sí ìpàdé ní gbogbo àkókò yẹn. Ọjọ́ tó bá mu, kó jókòó kó gbọ́, kó má sọ̀rọ̀.

Ará ilé ní Nàìjíríà tó fẹ́ jáwọ́ lè bá wọn ṣe ìpàdé AA orí Zoom. Bí wọ́n bá kọ 19:30 ti Lọ́ńdọ̀nù, aago mẹ́jọ ààbọ̀ alẹ́ ni l'Ékòó lóṣù Kejìlá; láti ìparí oṣù Kẹta dé ìparí oṣù Kẹwàá, aago méjèèjì á bára mu. Ẹni tí ara rẹ̀ ti gbára lé ọtí, ilé ìwòsàn Arò l'Ábẹ́òkúta tàbí ti Yábàá ni kó kọ́kọ́ gbà lọ.

Ti ìyàwó, òbí àti ọmọ ẹni tí ọtí ń yọ lẹ́nu ni Al-Anon, ẹgbẹ́ ọ̀tọ̀ ni, al-anonuk.org.uk ni kí ẹ wò. Ìyàwó lè bẹ̀rẹ̀ sí lọ kí ọkọ tó gbà pé ọtí ń yọ òun lẹ́nu, kò sì pọn dandan kó sọ fún un.